Ìrẹ̀ Tó Fẹ́ràn Omi

Ẹ̀rù omi ń ba Ọ̀gá Káfíńtà ju ẹ̀rù ikú lọ, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ife ló fi ń bu omi wẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi fún adìyẹ. Bí wọ́n bá pọn omi kún ike fún un, á ní kí wọ́n dín in kù kí òun lè máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó jìn sí kànga nígbà tó wà lọ́mọdé, ohun tó sì rí níbẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Bí òun àti àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ gbé àga lọ fún oníbàárà lódìkejì ìlú, ọ̀nà tó jìn ni yóò ní kí wọ́n gbà, kí wọ́n má baà gun afárá. Àwọn èèyàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, abẹ́ tábìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá Ọ̀gá sí. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn tí àyà ìyàwó rẹ̀ fi já lọ́sàn-án ọjọ́ tó bá a lẹ́yìnkùlé. Obìnrin náà ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, òwú dúdú ló tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi jáde lọ rà á. Nígbà tó padà, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Ọkọ rẹ̀ ló rí nídìí dúróòmù omi òjò, tó ti apá méjèèjì bọ inú omi dé abíyá, pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́rùn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Kò mira. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré.

“Bàálé mi, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan tí mò ń wá,” ni ọkọ rẹ̀ wí, láìgbójú sókè. “Ó kàn tutù ni.”

Nígbà tó yọ ọwọ́ jáde, àwọn ìka rẹ̀ ti hunjọ bí ìka ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀. Obìnrin náà mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti pẹ́ gan-an níbẹ̀.

*

Àbúrò ni gbogbo ayé ń pe àbúrò káfíńtà. Ó ti lé lógójì ọdún, irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti ń funfun, Àbúrò náà ni. Òun ló ń gbẹ́ ẹyẹ àti òdòdó sára bẹ́ẹ̀dì tí àwọn èèyàn ń ti ìlú míì wá rà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni wọ́n máa ń kí kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣe é níkà rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún, torí ká ní ó ti ṣe é níkà ni, ì bá rí ohun tí yóò tìtorí ẹ̀ bá a jà. Ìkórìíra rẹ̀ dà bí iná abẹ́ ìyẹ̀fun pákó: kò yọ èéfín, kò sì kú.

Kí ọ̀rọ̀ dúróòmù yẹn tó ṣẹlẹ̀ ló ti lọ sọ́dọ̀ Baba Ìrẹ̀.

Ilé Baba Ìrẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń yẹ àìsàn ẹran wò, wọ́n sì lé e. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ kò sọ. Agolo mílíìkì ló tò yí yàrá ká, ó dá ihò sí ìdérí wọn, ìrẹ̀ ń ké nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Àbúrò ti fẹsẹ̀ kan wọlé, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbúrò sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n òun, òun ò sì fẹ́ àìsàn tí dókítà lè rí. Òun kàn fẹ́ kó kúrò lọ́nà òun ni. Baba náà ṣí agolo kan. Ó mú ìrẹ̀ kan tó yọ ikùn jáde nínú agolo, ó gbé e sórí ẹní. Ewé tútù wà níwájú ìrẹ̀ náà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ sí pápá lọ́wọ́ ọ̀tún, abọ́ omi kan sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá lọ́hùn-ún. Ìrẹ̀ náà kò wo ewé, kò wo ìta. Ó rìn, ó fò, ó gun etí abọ́, ó sì bẹ́ sínú omi. Bó ṣe ń japoró lọ́wọ́ ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìdí rẹ̀, tín-ín-rín, dúdú bí òwú. Ó gùn, ó gùn, títí ó fi gùn ju ìrẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ká, ó tú, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ abọ́.

“Ta ló tì í?” Baba Ìrẹ̀ bi í.

“Mi ò rí ẹni tó tì í, bàbá.”

“Òun náà ò rí i. Lójú tiẹ̀, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.”

Ohun tó wé sínú ewé gbígbẹ fún Àbúrò kò tóbi ju èékánná lọ. Ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí i, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má mí sí i. Àbúrò pò ó mọ́ tíì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó fi ṣíbí rò ó dáadáa. Ọ̀gá mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ní kò sẹ́ni tó mọ tíì í pò bí àbúrò òun.

*

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ìdí dúróòmù. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí òun lè máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ó gbé abọ́ omi sí ìgbèrí ibùsùn. Nígbà tó yá, ó ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún, amọ̀ pupa lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Kò síbi tí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lágbègbè náà àfi etí ìsédò, níbi tí wọ́n ti dá odò ńlá dúró ní ìpẹ̀kun ìlú kí ará ìlú lè rí omi mu. Ẹni tí kì í gun afárá ló ń dá lọ síbẹ̀. Ajá aládùúgbò, tó ti ń gba eegun lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré, á rí i lókèèrè, á fà sẹ́yìn, á sì máa kùn.

Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Ó ní bó bá ṣeé ṣe, kó lọ sinmi níbi tí atẹ́gùn odò á ti máa fẹ́ sí i. Ojú Ọ̀gá tàn nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ìyàwó rẹ̀ sì rí i.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó sọ òtítọ́ fún un.

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àmọ́ mo ń fẹ́ ẹ. Ká ní ẹ̀rù ló ń bà mí ni, mi ò bá sá. Báwo lèèyàn ṣe ń sá fún ohun tó ń wù ú?”

 Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyàwó òun ti ilẹ̀kùn, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́. Ó tì í. Lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ lọ jókòó sídìí ilẹ̀kùn, tó ń họ ọ́ bí ológbò, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún pé kó má ṣí i.

*

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ìyàwó Ọ̀gá ló rọra sọ ọ́ sí i létí pé kó lọ rí Ìyá Agbẹ̀bí. Arúgbó náà ti fi ìgbẹ̀bí sílẹ̀, ó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ran bàtà. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà lọ bá a, àwọn tó bá sì pàdé níbẹ̀ kì í kí ara wọn.

Ó gbóòórùn àtàrí Ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn orí ìkókó. Ó wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyàwó, bí ẹni pé ọkọ kò sí níjòókòó, ó ní ọkùnrin yìí kò ṣàìsàn.

“Onílé tuntun ló dé. Ọkọ rẹ ti di ayálégbé nínú ara ẹ̀.”

“Mà, ẹ bá mi lé e jáde.”

“Ó ti bá a jẹ, ó ti bá a sùn. Tí mo bá fà á, wọ́n á jọ jáde ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n wá nǹkan tó máa dì mú.”

Obìnrin náà bi í bóyá ó lè mọ ẹni tó ṣe é. Ìyá Agbẹ̀bí ní ẹni tó bá sún mọ́ ife rẹ̀ ni. Obìnrin náà ro ó, ó ro ó, gbogbo ẹni tó ń fún ọkọ rẹ̀ ní nǹkan mu ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ewé kan ni arúgbó náà tú jáde nínú aṣọ. Èèrà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kú, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì ki eyín bọ iṣan ewé náà gírígírí. Nǹkan kan ti hù láti àtàrí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ olú. Ìyá Agbẹ̀bí gbọn ewé náà, ó tún un gbọn. Èèrà kò já bọ́.

“Ta ni kí ọkọ rẹ dì mú?”

“Èmi ni, mà.”

“Lọ rò ó wò.”

“Èmi náà ni.”

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ó lọ èèrà àti ewé pọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó ní kí ọkọ rẹ̀ lá a níbẹ̀. Ahọ́n Ọ̀gá gbẹ, ó le bí bébà tí wọ́n fi ń họ pákó. Kó tó lá a tán, ó ti gbá ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

*

Kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Bí obìnrin náà bá ń ránṣọ, Ọ̀gá á jókòó tì í lórí àpótí, ọwọ́ kan ló kù tí obìnrin náà ń fi tọ́ aṣọ lórí ẹ̀rọ. Bó bá ń dáná, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ pàápàá, wọ́n jọ ń wọ̀ ọ́ ni. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ìfẹ́ àgbà ti kọ lu Ọ̀gá, pé ó ń gba èlé ọdún tí kò fi ṣeré ìfẹ́. Àwọn wúńdíá tó ń wá dán aṣọ wò ń ṣe ìlara obìnrin náà. Ìka ọkọ rẹ̀ ti fi àmì dúdú yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po bí ẹ̀gbà, ṣùgbọ́n kò bìkítà. Ọkọ rẹ̀ ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ń jẹun. Ó ti gbé abọ́ omi kúrò nígbèrí ibùsùn, kò dárúkọ ìsédò mọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé e. Bí òjò bá ń rọ̀, ọwọ́ náà á fún un sí i.

*

Àbúrò ń retí ìròyìn láti ìsédò, ìròyìn kò dé. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń sanra padà, ó ra èso dání, ó lọ kí i, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Inú Ọ̀gá dùn nígbà tó wọlé. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lára ògiri, ó sì fi ọwọ́ kan tó ṣófo gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

“Iṣẹ́ yẹn, ìwọ lò ń ṣe é. Ó ti yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mo ti bá àwọn tó ń kọ pátákó sọ̀rọ̀ kí àìsàn yìí tó dé. Orúkọ tìẹ ni wọ́n máa kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù.”

Àbúrò wo kọ́kọ́rọ́ náà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un. Ó ní kí ọkọ òun kékeré má sunkún, pé ohun tó tọ́ sí i ni.

Láti ibẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Baba Ìrẹ̀ lọ, eré ló sá lọ. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun mú nǹkan náà kúrò lára ẹ̀gbọ́n òun. Baba Ìrẹ̀ ń já ewé fún àwọn ìrẹ̀ rẹ̀, kò wojú rẹ̀.

“Ìrẹ̀ tó ti gbọ́ ìró omi, ta ló ń pè é padà?”

Àbúrò ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n òun kò lọ sídìí omi mọ́, pé ó dà bíi pé ẹnìkan ti fún un ní nǹkan míì, torí ó kàn ń di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ni, kò sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ Baba Ìrẹ̀ dúró.

“Ẹni tó ṣe ìyẹn rò pé òun dè é mọ́lẹ̀ ni,” ló wí. “Tèmi ń sọ fún un pé kó máa lọ. Tiwọn ń sọ fún un pé kó má fi ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀.” Ó dé agolo náà. “Kò sí ìjà láàárín wọn.”

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Fóònù Àbúrò dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní àwọn ti wà lọ́nà ìsédò. Ó ní òun ti di òpó iná mú, òun ti jókòó sílẹ̀, wíwọ́ ni ọkọ òun ń wọ́ òun lọ. Àwọn ọkùnrin kan ti gbìyànjú láti ṣí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìjà tọkọtìyàwó ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sá lọ fún òjò.

“Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Ẹ máa bọ̀.”

*

Òjò ti dá nígbà tí Àbúrò dé ìsédò. Omi náà tẹ́jú lọ bíi gíláàsì, kò sí ẹ̀dá kankan létí rẹ̀. Ó rí wọn níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ wọ odò. Omi ti dé ìbàdí Ọ̀gá, ó ti dé àyà obìnrin náà. Ọ̀gá kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé.

Àbúrò bẹ́ sínú omi, ó gbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ní ìbàdí, ó fà á. Ńṣe ló dà bí ẹni ń fa igi tó ní gbòǹgbò. Ó dì mọ́ ìka Ọ̀gá, kò lè ṣí ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá yí ojú padà, ojú náà sì mọ́ gaara. Òun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

“O ṣeun tó o wá,” ló wí. “Gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ ṣí ọwọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i.”

“Kò gbọ́ tèmi mọ́.” Ó tún tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú, omi dé ọrùn ìyàwó rẹ̀. “Ṣẹ́ ẹ.”

Àbúrò mi orí. Obìnrin náà ti ń gbé omi mì. Ọ̀gá tún un sọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń sọ pé kó gé pákó níbi tí òun fàlà sí.

Ó ṣẹ́ ẹ. Ìka tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú, ó ṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ìró wọn lábẹ́ omi, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá kò ké. Ojú rẹ̀ ti padà sí àárín odò. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jọ̀wọ́ ìyàwó rẹ̀, Àbúrò ti obìnrin náà lọ sí bèbè, ó yíjú padà, kò sì rí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ó wọ abẹ́ omi lọ. Ó rí ẹ̀wù, ó fà á. Òkú náà tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́, bí ohun tí ìfẹ́ ohunkóhun ti tán lára rẹ̀. Bó ṣe ń gbé orí rẹ̀ sókè ni nǹkan tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ihò imú, dúdú, tí kò lópin. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Àbúrò kọjá, ó tutù, ó ká, ó tú, ó sì wọ ibú lọ. Obìnrin náà ń bi omi lórí iyanrìn, kò rí i.

*

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà sọ níwájú gbogbo ẹbí pé Àbúrò ló yọ òun lẹ́nu ikú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un. Ó dúró gba ìre náà, kò mọ ibi tí òun ì bá fi ojú sí.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá ìránṣọ, obìnrin náà sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ti Ìyá Agbẹ̀bí, ó sọ ti ewé àti èèrà.

“Wọ́n ní kí n lọ rò ó wò. Mi ò rò ó. Àtẹ́lẹwọ́ mi yìí ló ti lá a. Bóyá ara rẹ̀ ì bá yá tí mo bá fi í sílẹ̀. Ọkọ mi kékeré, èmi ni mo pa á.”

Àbúrò la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò ju ìmí kan lọ tí yóò jáde. Obìnrin náà ń wò ó, ó ń retí kó dá òun lẹ́bi, ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú yíká. Àbúrò pa ẹnu dé. Ó ní kó má sunkún mọ́, pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò lè sùn, kò lè gbẹ́gi. Bó bá gbé tíì sẹ́nu, á tú u dànù. Ìgbà tí kò lè fara dà á mọ́ ló padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní Baba Ìrẹ̀.

Ó ní kí baba náà yẹ òun wò. Ó ní òun kọ́ lòun ṣe ohun tóun ṣe, torí òun fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n òun. Ẹnìkan ló ti fi nǹkan sí òun nínú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun náà ò kàn rí ẹni tó ń ti òun ni. Ó ní kí baba bá òun wá a, kó sì fà á jáde, bí òun bá tiẹ̀ máa bá a jáde.

Baba Ìrẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó gbóòórùn èémí rẹ̀, ó fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé abọ́ omi sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Àbúrò ń retí kí omi náà pè é. Ó ń gbàdúrà kó pè é. Omi wà níbẹ̀, omi lásán.

Baba náà gbé abọ́ kúrò, ó na ẹ̀wù rẹ̀ sí i.

“Mo wá a dáadáa,” ló wí. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo bá.”